Ojú Rẹ Lórí Gbogbo Kọ̀ǹpútà

                                                            Yàrá Ẹ̀yìn, Ilé Ìkàwé,
                                                            Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                                            Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹwàá.

Dẹ́rẹ́bà, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. O kú ìrora, o kú ìfaradà, o kú àjò tí kì í ṣe ti ìgbádùn. Báwo ni ara? Báwo ni ẹsẹ̀? Ṣé ojú ọgbẹ́ náà ti jiná, àbí ó ṣì ń ta ọ́ tí òjò bá fẹ́ rọ̀? Ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ tó ṣeé jẹ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ yín ní ìrìn yẹn? Ṣé o ti rí ẹni bá jiyàn bọ́ọ̀lù? Mo mọ̀ ọ́, bí wọ́n bá fi ọ́ sáàárín àwọn tó ń sùn, wàá jí ẹnì kan láti bá a jiyàn. Ìyàwó mi ń kí ọ, àwọn ọmọ náà ń kí ọ. Èyí tó kéré jù ní kí n bi ọ́ ìgbà tí o máa tún wa ọkọ̀ rẹ kọjá níwájú ilé wa, kí o sì fun fèrè. Mo sọ fún un pé kò ní pẹ́.

Ó yẹ kí n sọ pé àlàáfíà ni, ká máa dúpẹ́. Àlàáfíà náà ni lóòótọ́, kò sẹ́ni tó kú. Àmọ́ ojú ń tì mí, Dẹ́rẹ́bà. Ojú ń tì mí débi pé mo ti ń kọ, mo ń ya, mo ń kọ, mo ń ya, títí ìyàwó mi fi bi mí bóyá ọba ni mò ń kọ̀wé sí. Jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ kí n tó máa rò kiri: Màmá ti mọ̀. Màmá rẹ ti mọ̀ nípa ẹsẹ̀ rẹ. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Mo rántí gbogbo ohun tí o sọ fún mi. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ dànù, tí àwọn dókítà sì gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún, o ní èmi nìkan ni o sọ fún nílé. O ní o fẹ́ fi ẹsẹ̀ tuntun rìn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá fúnra rẹ, kí o kí wọn, kí o jókòó, kí o jẹun tán, kó tó di pé wọ́n gbọ́ pé nǹkan kan tiẹ̀ ṣẹlẹ̀. Mo ní kí ọkàn rẹ balẹ̀, pé inú mi ni ọ̀rọ̀ náà máa kú sí. Kò kú síbẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹnu ni mo fi sọ ọ́ o. Ì bá tiẹ̀ sàn bó bá jẹ́ ẹnu, torí ẹnu kan ṣoṣo ni mo ní. Kọ̀ǹpútà ni mo fi sọ ọ́, gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nínú yàrá ńlá ilé ìkàwé yìí pátá.

Ṣé o rántí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé ìwòsàn, èyí tí o ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tí o ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan sókè, tí o wá ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́? Mo wò ó, mo sunkún, n ò ní purọ́ fún ọ. O mọ yàrá ẹ̀yìn tí mo ti ń ṣiṣẹ́: kò ní fèrèsé, àwọn páálí ni wọ́n kó yí mi ká, ariwo fáànù kọ̀ǹpútà nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo bá gbé fọ́tò náà sí ojú kọ̀ǹpútà tí mò ń lò, kó lè jẹ́ pé bí mo bá ti tàn án, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ rí. Mo máa ń kí ọ láàárọ̀. Tí iṣẹ́ bá le, n ó ní, “Ẹni yìí ń rẹ́rìn-ín, ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ pé ń ráhùn.” Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀sín ni mò ń fi ọwọ́ ara mi sin bí ẹran ọ̀sìn.

Ìgbà tó yá ni wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun fún wa, wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n kún yàrá ńlá. Kọ̀ǹpútà tuntun bẹ́ẹ̀ kò ní nǹkan kan nínú, ó dà bí ilé tí wọ́n kọ́ tán tí ẹnikẹ́ni kò tíì kó wọ̀. Ètò tó máa darí rẹ̀, tó máa jẹ́ kó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lòun, èèyàn ló máa gbé e sí i. Tẹ́lẹ̀, n ó jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni ń ṣètọ́jú aláìsàn. N ó gbé ètò sí i, n ó dáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀, n ó so ó mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí n tó bọ́ sídìí èkejì kí n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn á máa ro mí, ìyàwó mi á máa fi òróró ra á.

Ọ̀nà tó yá jù wà. Èèyàn á tún ẹyọ kan ṣe dáadáa, òun là ń pè ní kọ̀ǹpútà ìyá. Tí ìyá bá ti pé, èèyàn á ya ẹ̀dà gbogbo inú rẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, á wá ti yàrá ẹ̀yìn dà á sínú gbogbo àwọn yòókù gba inú wáyà, lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn á jí, gbogbo wọn á sì mọ ohun tí ìyá mọ̀. Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn nìyẹn. Ibẹ̀ náà ló ti korò, torí ẹ̀dà kì í ṣa nǹkan. Ohun tó bá bá nínú ìyá ló ń kó lọ, ì báà ṣe wúrà, ì báà ṣe pàǹtí. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gbá inú kọ̀ǹpútà ìyá mọ́ tónítóní ká tó yà á.

O ti mọ ibi tí mò ń lọ báyìí. Kọ̀ǹpútà tí fọ́tò rẹ wà lójú rẹ̀ ni mo fi ṣe ìyá.

Nítorí àwọn àgbà tó ń wá kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo sọ lẹ́tà di ńlá, mo sọ ọfà tó ń rìn lójú rẹ̀ di ńlá, kí ojú má baà máa ro wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí èyíkéyìí lè bá a bẹ́ẹ̀, mo ní kí kọ̀ǹpútà náà sọ bí mo ṣe tò ó fún ara mi di ti gbogbo ayé. Mo rántí lẹ́tà, mo rántí ọfà, mi ò rántí fọ́tò. Mo ti wò ó títí ojú mi kò fi rí i mọ́.

Ọ̀gá wa obìnrin, tó ń darí ilé ìkàwé, kìlọ̀ fún mi o. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ da ẹ̀dà náà sínú ẹyọ kan, kí n tàn án, kí n wò ó bí àlejò ṣe máa wò ó, kí n tó fọwọ́ kan àwọn tó kù. Ohun tí èmi fúnra mi máa ń kọ́ àwọn ẹlòmíì nìyẹn. Àmọ́ mo ti yangàn fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo yàrá á ti ṣetán, kí wọ́n sì máa wo ọwọ́ mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bàbá mi pa òwe yìí fún mi títí ó fi sú wọn. Mo tẹ bọ́tìnnì, mò ń súfèé. Nígbà tó kọ sójú rẹ̀ pé ó ti parí, mo pa iná, mo lọ sílé. Mi ò tan ẹyọ kan wò.

Wàyí o, ohun kan wà tí ìwọ náà kò mọ̀. Màmá wà lára àwọn àgbà Ọjọ́bọ̀. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí wọ́n ti ń wá. Wọ́n ní àìmọye ìgbà ni àwọn ń bẹ ọmọ aládùúgbò kó bá àwọn kọ̀wé sí ọ, pé ọmọ náà a máa yọ ọ̀rọ̀ kúrò, a sì máa fi tirẹ̀ sí i, pé àwọn fẹ́ máa fi ọwọ́ ara àwọn kọ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Wọ́n kìlọ̀ fún mi gidigidi pé n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ, pé lọ́jọ́ tí ó bá pé, wàá kàn rí i gbà, ẹnu á sì yà ọ́. Ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá lẹ́tà kan títí bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn, tí wọ́n bá rí i, wọ́n á lù ú pọ́! bí ẹni pa ẹ̀fọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà láàárín yín, àṣírí ọmọ lọ́wọ́ ọ̀tún, àṣírí ìyá lọ́wọ́ òsì. Tí wọ́n bá ń jáde lọ, wọ́n á bi mí pé, “Ọmọ mi ńkọ́, ṣé o gbúròó rẹ̀?” Èmi á ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ wọn lè kan àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn, mo sì tún ṣe bí mo ti ṣe.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá yìí, ọ̀gá wa dúró níwájú àwọn àgbà, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n sì yìn mí. Èmi náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń mi orí bí alángbá. Wọ́n ní kí gbogbo wọn jọ tan kọ̀ǹpútà wọn. Ojú àwọn kọ̀ǹpútà dúdú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìwọ dé. Láti ìlà iwájú dé ti ẹ̀yìn, ìwọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìwọ pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ, ìwọ pẹ̀lú ṣòkòtò tí o ká. Ká má purọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn, torí ojú rẹ ti mọ́ mi lára. Ìgbà tí mo rántí ibi tí mo wà ni ara mi di yìnyín.

Bàbá Káfíńtà, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ igi, pariwo pé ta ni ọmọkùnrin arẹwà yìí, ṣé òun ni olùkọ́ wa tuntun? Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde nídìí tiwọn. Wọ́n wo ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n wo èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n bọ́ sí ìlà kejì. Wọ́n ń fi ìka kan ojú rẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wá èyí tí kò ní jẹ́ ìwọ. Nígbà tí wọ́n dé ìparí ìlà, wọ́n yíjú sí mi. Wọn ò pariwo rárá. Wọ́n ní, “Ìgbà wo ló kú?”

Dẹ́rẹ́bà, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Kò yé mi lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá yé mi: ta ni wọ́n máa ń gbé àwòrán rẹ̀ káàkiri bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe òkú? Mo fẹ́ sọ pé o ò kú, ohùn ò jáde. Mò ń mi orí ni bí odi, Màmá sì rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ló pọ̀ jù fún mi láti sọ. Ẹsẹ̀ wọn yẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì tó jókòó nítòsí ló gbá wọn mú. Ìyá yẹn ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn títí orí rẹ̀ fi funfun, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ní, “Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ìyá yìí. Òkú wo ló ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn báyìí? Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó ṣe kún. Bándéjì yẹn mọ́, orúnkún yẹn kò wú. Ọmọ yín yè é.”

Ojú rẹ nìkan ni Màmá ti ń wò látìbẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì rí ẹsẹ̀. Ìgbà tí Ìyá Nọ́ọ̀sì sọ ti bándéjì ni wọ́n wá wolẹ̀, tí wọ́n sì rí i.

Mo sáré pe nọ́ńbà ọ́fíìsì ibi tí o wà, èyí tí o ní kí n má pè àfi tọ́ràn bá le, níwọ̀n bí fóònù tìrẹ kò ti lè wọlé sáàárín àwọn òkè yẹn. Akọ̀wé tó gbé e ní o wà ní pápá, pé o ń bá olùkọ́ yín jiyàn lórí bí ó ti yẹ kí èèyàn máa lo ọ̀pá. Màmá gbọ́ ọ, wọ́n mí kanlẹ̀. Akọ̀wé ní ṣé kí òun pè ọ́ wá. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní rárá, kó má pè ọ́, kó má sì sọ fún ọ pé ẹnikẹ́ni béèrè rẹ, pé inú ń bí àwọn, àwọn ò sì fẹ́ kí ohùn ìbínú ni ọmọ àwọn máa kọ́kọ́ gbọ́. Ìdí tí o kò fi gbọ́ nǹkan kan títí di ìsinsìnyí nìyẹn.

Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n jókòó sórí àga mi, èmi jókòó sórí páálí. Mo ti ń retí èpè. Ó máa rọrùn ju ohun tí wọ́n sọ lọ. Wọ́n ní, “Gbogbo ìgbà tí mo bi ọ́ léèrè rẹ̀, ojú mi báyìí ni o ń wò tí o fi ń dá mi lóhùn.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ilé wọn ni mo ti ń jẹun kí n tó mọ ọ̀nà ilé ìwé. Wọ́n ní, “Ìwọ àti òun, ẹ fẹ̀jẹ̀ sínú, ẹ ń tutọ́ funfun fún mi. Ta ló sọ fún yín pé n ò lè wo ẹ̀jẹ̀? Ta ló bí yín?” Wọn ò yọ mí sílẹ̀ nínú “bí yín” yẹn, àní lọ́jọ́ yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ọ̀gá wa kò lé mi. Wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbà lójú gbogbo ayé, mo sì dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn wáyà. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹlòmíì ló máa wo kọ̀ǹpútà ìyá kí n tó ya ohunkóhun. Ó dùn mí, ó sì tọ́ sí mi. Bàbá Káfíńtà tẹ̀ lé mi títí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní bí àga tí òun fi ṣe àwòṣe bá wọ́, gbogbo èyí tí òun bá wò ó ṣe ló máa wọ́, pé ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń fi ìdí ara òun jókòó sórí àkọ́kọ́. Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà.”

Mo gbá inú ìyá mọ́, mo ya ẹ̀dà tuntun, mo tan ẹyọ kan wò, mo wò ó bí ẹni ń wo ojú ọ̀tá. Kí n tó dà á sínú àwọn yòókù, Màmá wọlé. Wọ́n ní kí n mú ọ kúrò lórí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kí n fi ọ́ sílẹ̀ lórí tiwọn. Mo wo ojú ọ̀gá wa, ọ̀gá wa mi orí pé kò burú. Nítorí náà, bí o bá gbọ́ pé kọ̀ǹpútà kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí o ti ń rẹ́rìn-ín, kì í ṣe àìbìkítà mi ló fà á lọ́tẹ̀ yìí.

N ò ní sọ pé kí o má bínú. Bínú, ọ̀rẹ́ mi, ó tọ́ sí ọ. Ohun tí o ń ṣe làálàá láti fún Màmá, ìyẹn ọjọ́ tí wàá rìn wọlé tí wọn ò ní mọ nǹkan kan, mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ, mi ò sì lè dá a padà. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan. Bí o kò bá fẹ́ kọ̀wé sí mi mọ́, màá gbà bẹ́ẹ̀. Màmá fúnra wọn ló ní kí n sọ ti kíláàsì wọn fún ọ, nítorí náà, ìyẹn nìkan ni mo gba àṣẹ kí n tó tú.

Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń kọ́ ìrìn, pàápàá bàbá tó ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Bá mi kí akọ̀wé yín, kí o sì sọ fún un pé ó ṣeun, ó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ jù mí lọ. Jẹun dáadáa. Má sáré lórí ẹsẹ̀ tuntun yẹn, èmi ti rí ohun tí ìkánjú ń fà.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè gbójú sókè,
Oníwáyà.

Mo tún rántí: ìwé tí mo ká sínú lẹ́tà yìí kì í ṣe tèmi. Lẹ́yìn tí gbogbo àgbà ti lọ sílé lọ́jọ́ náà, Màmá dúró nídìí kọ̀ǹpútà wọn, níwájú ojú rẹ, wọ́n ń lù ú pọ́, pọ́, pọ́. Wọn ò jẹ́ kí n bá wọn tún nǹkan kan ṣe. Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo kà á, dárí ìyẹn náà jì mí. Ohun tí wọ́n kọ kò gùn:

“Ọmọ mi. Èmi ni mo kọ èyí, kì í ṣe ọmọ aládùúgbò. Inú ń bí mi sí ọ. Ẹsẹ̀ tó kù yẹn, gbé e máa bọ̀ nílé. Má dúró de èkejì.”